Sípíkà márùn-ún, méjì péré ló ń sọ̀rọ̀: ẹ bá mi dá sí home theatre bàbá mi

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo mọ̀ pé àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ sound dáadáa wà níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Oṣù tó kọjá ni mo ra home theatre tòkúnbọ̀ kan fún bàbá mi, sípíkà kéékèèké márùn-ún àti wúfà ńlá kan, DVD wà lára ẹ̀. Bàbá ti pé ẹni ọdún 71, fíìmù Yorùbá àti ìròyìn ni wọ́n fi ń najú látìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ráhùn pé TV wa ò ṣe é gbọ́ mọ́, TV pẹlẹbẹ yẹn náà ni, ẹ̀yìn ni sípíkà ẹ̀ kọjú sí, ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo wá rò ó pé tí mo bá sáà ti ra nǹkan tó lágbára, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Kò parí o. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí fólúùmù wà ní 40, bàbá ṣì ń bi màmá mi pé "kí ló wí?" Ṣùgbọ́n tí ìbọn bá dún nínú fíìmù, tàbí tí orin bá wọlé, gbogbo ilé á mì tìtì, fèrèsé á máa gbọ̀n, màmá á sáré wá rìmóòtù, wọ́n á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì bàbá á tún ní kí wọ́n gbé e sókè. Bí a ṣe ń ṣe é lálaalẹ́ nìyẹn. Sípíkà méjì iwájú ló ń sọ̀rọ̀, ti àárín àti méjì ẹ̀yìn ò fọhùn rárá, àfi tí mo bá tẹ test tone lórí rìmóòtù ẹ̀, ìgbà yẹn gbogbo wọn á dún lọ́kọ̀ọ̀kan, so mo mọ̀ pé wọn ò bàjẹ́.

Wáyà tí mo fi so ó mọ́ TV ni èyí tó ní orí pupa àti funfun. Dikóódà wà lára TV pẹ̀lú HDMI, YouTube àti Netflix sì wà nínú TV fúnra ẹ̀. Páálọ̀ wa ò tóbi, ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 14, táìlì ni gbogbo ilẹ̀. Torí pé wáyà tẹ̀yìn kúrú, gbogbo sípíkà ni mo tò sí ẹ̀gbẹ́ TV. Ṣé kí n dá a padà fún ẹni tó tà á ni, àbí nǹkan kan wà tí mi ò ṣe? Inú bàbá dùn gan-an lọ́jọ́ tí mo gbé e dé, mi ò fẹ́ kó di nǹkan tí a fi aṣọ bò sí kọ̀rọ̀.

Bàbá_Wáyà:
Àbẹ̀kẹ́, ọmọ dáadáa, Ọlọ́run á jẹ́ kí bàbá jẹun ọmọ pẹ́. Má dá nǹkan kan padà. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun láti ìgbà fídíò kásẹ́ẹ̀tì, irú ohun tí o kọ yìí sì ni wọ́n ń gbé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ṣáá, wọ́n á ní ẹ̀rọ àwọn ti kú, mo bá ní kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn ẹ̀ fún mi, wáyà orí pupa-funfun náà ni.

Wáyà yẹn, ohùn méjì péré ló lè gbé, ti òsì àti ti ọ̀tún. Ohùn méjì ló wọlé, sípíkà méjì ló rí i gbà, àwọn tó kù ń dúró de ohun tí ẹnikẹ́ni ò rán sí wọn. 5.1 tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀ yẹn, ohùn mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: iwájú òsì, àárín, iwájú ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún, ìyẹn jẹ́ márùn-ún. Ìdí tí wọ́n fi ń pe wúfà ní .1 ni pé ìró ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rán sí i, kì í kọjá 120 Hz (ìgbọ̀n 120 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), ààrá, ìbọn, ilé tó wó, ohùn ẹ̀dá ò sí níbẹ̀.

Wá gbọ́ èyí tó kan bàbá. Nígbà tí àwọn tó ṣe fíìmù bá ń to ìró ẹ̀, sípíkà àárín ni wọ́n ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré sí. Orin wà lọ́tùn-ún lósì, òjò àti ariwo ọjà wà lẹ́yìn. Tí ẹ̀rọ ẹ bá ń gba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọ̀rọ̀ ní ààyè tiẹ̀. Ṣùgbọ́n TV ẹ gba mẹ́fà, ó lù ú pọ̀ di méjì kó tó lè gba inú wáyà yẹn kọjá, ọ̀rọ̀ ẹnu wá há sí àárín orin àti ariwo. Bó o bá gbé fólúùmù sókè, gbogbo wọn ló jọ ń gòkè. 40 ò lè tó, 60 náà ò ní tó, kì í ṣe agbára ni ìṣòro yín.

Lọ wo ẹ̀yìn home theatre yẹn, wá ibi tí wọ́n kọ HDMI OUT sí, kó o wò ó bóyá ARC wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Láti 2009 ni ARC ti wọlé, àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn sábà máa ń ní in. Wá èyí tí wọ́n kọ ARC sí lẹ́yìn TV náà, kì í ṣe gbogbo ihò HDMI ló ní in o, ẹyọ kan péré ló máa ń jẹ́, kó o fi wáyà HDMI so àwọn méjèèjì. Wáyà yẹn ló máa gbé ìró láti inú TV padà wá sínú home theatre. Tí kò bá sí ARC, wá ihò kékeré tó ń tan iná pupa, wọ́n ń kọ OPTICAL sí i, òun náà lè gbé 5.1. Lẹ́yìn náà kó o wọ inú sẹ́tìnì TV, ibi sound, wàá rí digital output, PCM ló máa wà níbẹ̀, ìyẹn ohùn méjì náà ló ń fún ẹ, yí i kúrò. Tó bá fún ẹ ní Dolby Digital, ọ̀nà tí wọ́n fi ń di ohùn mẹ́fà pọ̀ gba inú wáyà kan, àti Dolby Digital Plus, mú Dolby Digital lásán, èyí tó wọ sinimá láti 1992 tó sì wà nínú DVD, ẹ̀rọ àtijọ́ ò gbọ́ Plus. Wọ sẹ́tìnì dikóódà náà, kó o ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ku fíìmù Yorùbá. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà lórí YouTube, ohùn méjì náà ni wọ́n fi gbé e sókè, kò sí wáyà tó lè sọ ọ́ di mẹ́fà. Fún ìyẹn, wá Pro Logic lórí rìmóòtù home theatre, wọ́n lè kọ PLII sí i. Ohun tó ń ṣe ni pé ìró tó bá dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, á kó o sí àárín, ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló sì sábà máa ń dọ́gba bẹ́ẹ̀, ìró tó bá ta kora wọn, á rán an sẹ́yìn. Sípíkà àárín á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ọmọ_Peckham:
Ẹ kú làákàyè o, bàbá. Sis Àbẹ̀kẹ́, tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Flat là ń gbé ní London níbí, ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà láàárín àwa àti aládùúgbò, mi ò lè fi wúfà dún lálẹ́. Nígbà tí ìyá ìyàwó mi wá bá wa tọ́jú ọmọ, soundbar ni mo rà, ọ̀pá gbọọrọ kan tó jókòó sábẹ́ TV, ó ní bọ́tìnì kan tó ń gbé ohùn ẹ̀dá síwájú, wáyà kan péré, ó sì tẹ́ màmá lọ́rùn. Tí ọ̀rọ̀ nìkan ni bàbá fẹ́ gbọ́, tí agbára ẹ̀ bá wà, mo lè ní kó o ta tòkúnbọ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n tó o bá máa dì í mú, wá night mode nínú sẹ́tìnì ẹ̀, àwọn mìíràn kọ DRC. Á rẹ ìró ńlá sílẹ̀, á gbé ìró kékeré sókè, sísáré tí màmá ń sáré wá rìmóòtù á dínkù.

Nígbà tí mò ń wá bí mo ṣe máa ṣe tèmi, mo ka ìtàn kan tí mi ò lè gbàgbé. Alan Blumlein, ẹnjiníà ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá ilé iṣẹ́ EMI ṣiṣẹ́, òun àti ìyàwó ẹ̀ ló lọ sinimá, ó rí i pé òṣèré wà lápá kan aṣọ funfun, ohùn ẹ̀ sì ń ti apá kejì bọ̀, ló bá sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé òun mọ bí ohùn á ṣe máa tẹ̀lé ẹni tó ni ín. Oṣù Kejìlá 1931 ló gba ìwé lọ fi orúkọ ìmọ̀ yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ibẹ̀ sì ni ọ̀tún àti òsì tí à ń lò dòní ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń dun ọkùnrin yẹn nínú sinimá nígbà náà ló ń dun bàbá yín ní páálọ̀ báyìí.

Bàbá_Wáyà:
Ọmọ_Peckham, o ṣeun, ìtàn yẹn dùn mọ́ mi. Mi ò bú soundbar, ó dáa fún ẹni tí ò láyè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rà á kó wo nọ́ńbà ẹ̀ dáadáa, 2.0 àti 2.1 ò ní àárín, láti 3.1 lọ ni sípíkà tó dá dúró fún ọ̀rọ̀ ti ń wà níbẹ̀. Ọmọ yìí ti ní àárín nílé, owó ti jáde lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi èyí tó wà ńlẹ̀ ṣe é ná.

Sound_Ìjọ:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Èmi ni mò ń jókòó sídìí mixer ní ìjọ wa l'Ábẹ́òkúta, ọdún kẹsàn-án rèé. Gbogbo ohun tí Bàbá_Wáyà sọ pé ni, ṣùgbọ́n nǹkan kan ò jẹ́ kí n lè sùn nínú ohun tí Àbẹ̀kẹ́ kọ. Ká tiẹ̀ ní ohùn méjì péré ló ń wọlé, tó bá jókòó sáàárín sípíkà méjèèjì, ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn yẹ kó máa dún bí ẹni pé àárín TV ló ti ń jáde. Fólúùmù 40, nínú páálọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 14, kí àgbàlagbà má sì gbọ́ ọ̀rọ̀? Mo fura sí wáyà. Tòkúnbọ̀ ni, wọ́n sábà máa ń gé wáyà ẹ̀ níbi tí wọ́n ti tú u, ẹni tó tún un dè lè ti gbé plus sí minus lára sípíkà kan. Tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, bí ọ̀kan bá ń ta jáde, èkejì ń fà wọlé, ìró àwọn méjèèjì á máa pa ara wọn, báàsì á gbẹ, ọ̀rọ̀ á máa fò kiri inú yàrá láìní ibi tó jókòó sí. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa nínú ìjọ rí, oṣù mẹ́ta gbáko la fi ń dá máíkì lẹ́bi, pásítọ̀ ń pariwo títí ohùn wọn fi há, wáyà sípíkà ọ̀tún ni wọ́n dè lódì.

Báyìí lo ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò. Pa ẹ̀rọ, yọ ọ́ lára iná. Yọ wáyà sípíkà kúrò lẹ́yìn home theatre, má ṣe é nígbà tó ṣì wà lára ẹ̀ o. Mú bátìrì rìmóòtù kan, 1.5 volt, fi wáyà tó yẹ kó jẹ́ plus kan orí plus, èkejì kan ìdí ẹ̀, kí ó kan kàn án kó o yọ ọ́, má fi sílẹ̀. Ṣí aṣọ iwájú sípíkà, kó o wo awọ dúdú inú ẹ̀. Tó bá fò síta bí ọ̀fun ọ̀pọ̀lọ́, ó dáa. Tó bá fà wọlé, òdì ni wọ́n dè é. Ṣe é fún gbogbo wọn. Tó bá jẹ́ irú èyí tí orí wáyà ẹ̀ láwọ̀ ni, funfun ni iwájú òsì, pupa ni iwájú ọ̀tún, àwọ̀ ewé ni àárín, búlúù ni ẹ̀yìn òsì, àwọ̀ eérú ni ẹ̀yìn ọ̀tún, pọ́pù ni wúfà.

Ibi tó o tò wọ́n sí náà, jọ̀ọ́ tú u ká. Bí sípíkà ẹ̀yìn bá wà ní ẹ̀gbẹ́ TV, ìró tó yẹ kó ti ẹ̀yìn bọ̀ á wá dà lé ọ̀rọ̀ iwájú lórí. Fojú inú wo aago, bàbá jókòó sáàárín ẹ̀, TV wà ní 12. Sípíkà iwájú méjèèjì á wà ní 11 àti 1. Àárín á wà lábẹ́ TV gan-an, fi nǹkan tì í nídìí kó gbójú sókè sí bàbá. Tẹ̀yìn, ọ̀kan láàárín 3 sí 4, ọ̀kan láàárín 8 sí 9, gbé wọn ga ju etí lọ díẹ̀. Èmi ò fara mọ́ kíkàn wọ́n mọ́ sílìn. Wúfà ò le, báàsì ìsàlẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn mọ ibi tó ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n má tì í mọ́ igun ògiri, ibẹ̀ ni fèrèsé yín ti rí gbígbọ̀n.

Lẹ́yìn náà, dúró sáàárín páálọ̀ kó o pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan. Tó bá dá ẹ lóhùn ṣìn-ìn, táìlì àti ògiri ló ń dá ìró padà, ohùn òṣèré náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ò tíì tán ni èkejì á ti gùn ún. Wá rọ́ọ̀gì kan tẹ́ sí àárín TV àti àga bàbá, ta kọ́tìnì tó nípọn. Àwọn èèyàn máa ń ra sípíkà kún sípíkà nígbà tó jẹ́ rọ́ọ̀gì ni ilé wọn ń fẹ́.

Tẹ́rìbá_Ọ̀ṣogbo:
Mo kan fẹ́ fi ọ̀rọ̀ iná kún un. Tó bá jẹ́ inverter lẹ̀ ń lò, tí home theatre bá ń kùn hùùù bí oyin, ẹ má tú u, inverter tí kì í ṣe pure sine wave (èyí tí iná ẹ̀ ń lọ geere) ló sábà máa ń fa ìyẹn. Ẹ gbé e sórí stabilizer náà, iná tó ń lọ sókè sódò ló ba tèmi jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun gan-an, mi ò mọ̀ pé ẹ máa dá mi lóhùn tó báyìí. Mo ti rí ARC lẹ́yìn àwọn méjèèjì, HDMI 2 ló wà lára TV. Mo so ó, mo yí PCM kúrò, ṣùgbọ́n kò dún rárá, sípíkà TV ló tún ń sọ̀rọ̀. Bàbá, kí ni kí n ṣe?

Bàbá_Wáyà:
Ọkàn ẹ balẹ̀. CEC ló kù, àṣẹ tí TV àti home theatre fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn, bí kò bá sí ní títàn, ARC kì í sábà jí. Orúkọ tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń pè é yàtọ̀, Samsung ń pè é ní Anynet+, LG ní SimpLink, Sony ní Bravia Sync. Tàn án lára TV, tàn án lára home theatre náà, kó o wá yọ àwọn méjèèjì kúrò lára iná fún ìṣẹ́jú méjì kó o tó dá wọn padà. Lẹ́yìn náà, wọ inú sẹ́tìnì sípíkà home theatre, ó máa bi ẹ́ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí àga tó, fi tépù wọ̀n ọ́n, má bù ú sọ. Ìró ń rìn bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó sún mọ́ bàbá á yára dé etí wọn, ẹ̀rọ á wá dá a dúró díẹ̀ kí gbogbo wọn lè jọ dé. Gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì àárín sókè sí +3, kó o rẹ wúfà sílẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn:
Ó ti dún o! Ọjọ́ Sátidé ni èmi àti àbúrò mi ṣe é, láti aago mẹ́wàá títí di ọ̀sán. Sound_Ìjọ, ẹ ṣé, Ọlọ́run á bù kún yín, iwájú òsì ni, mo fi bátìrì kàn án, awọ dúdú yẹn fà wọlé wúyẹ́, mo tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹta kó dá mi lójú. Ìsopọ̀ kan wà láàárín wáyà ẹ̀ tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù dì, ibẹ̀ ni wọ́n ti dè é lódì. Kí n tó tiẹ̀ tan CEC rárá, bí mo ṣe yí wáyà yẹn padà, ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn wá jókòó sáàárín TV, àbúrò mi yíjú wò mí.

ARC ti jí, dikóódà ti wà lórí Dolby Digital, àwọn ìkànnì kan ń gbé ohùn mẹ́fà jáde, ọ̀pọ̀ ṣì jẹ́ méjì, mo fi Pro Logic sí ìyẹn àti YouTube. Rọ́ọ̀gì yàrá mi ni mo gbé wá sí páálọ̀. Wúfà ti kúrò ní igun.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá ní kí n wá fíìmù kan tí wọ́n ti wò lóṣù méjì sẹ́yìn jáde, mo ní ṣebí ẹ ti wò ó, wọ́n ní "mo wò ó, mi ò gbọ́ ohun tí ọba sọ fún ìyàálé ẹ̀ kó tó kú." A gbé e sí i. Fólúùmù wà ní 18. Nígbà tó débẹ̀, bàbá tẹ̀ síwájú díẹ̀ lórí àga, wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní "hẹ̀n-ẹ́n, ìdí ẹ̀ nìyẹn." Màmá ti sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Sípíkà ẹ̀yìn ò tíì dé ààyè wọn, orí àpótí ni mo ṣì gbé wọn lé torí wáyà kúrú. Mítà mẹ́wàá ni mo wọ̀n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá gba ìdí ògiri. Bàbá_Wáyà, irú wáyà wo ni kí n rà, ṣé èyí tín-ín-rín tí wọ́n fi ń so gílóòbù máa tó o?

Bàbá_Wáyà:
Kò ní tó, ó máa gba agbára jẹ lọ́nà. Ra èyí tó wà ní 1.5 mm, olójú méjì, kí ẹyọ kan ní ìlà lára kó o lè mọ plus. Kó o sì fi bátìrì kàn án kó o tó kàn án mọ́ ògiri.